Òjò Ló Ń Pa Ọkọ̀, Kì Í Ṣe Ọ̀sà

Bí ènìyàn bá sọ fún ará ilé pé òun ra ọkọ̀ ojú omi àtijọ́, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí yóò gbọ́ ni pé, "Ṣé kò ní rì báyìí?" Ojú gbogbo wa máa ń wà nísàlẹ̀, níbi tí ọ̀sà ti ń lu ìdí ọkọ̀. Ọdún ti ń gorí ọdún tí mo ti ń tún ọkọ̀ onígbòkun kékeré kan ṣe létí ọ̀sà Ẹ̀jìnrìn, ohun tí mo sì wá gbà gbọ́ gidigidi ni pé omi tó ń ti òkè bọ̀ ló yẹ ká máa ṣọ́. Ọ̀sà kì í tètè pa ọkọ̀ fáíbà. Òjò ló ń pa á, díẹ̀díẹ̀, láti inú, níbi tí ojú kò tó.

Ọkọ̀ tí mò ń sọ yìí kì í ṣe ọkọ̀ akérò tó ń ná Ẹ̀pẹ́. Ẹsẹ̀ bàtà 26 ni gígùn rẹ̀, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe é ní àwọn ọdún 1970. Ó ní yàrá kékeré nínú, ibùsùn, sítóòfù, àti òpó alumíníọ̀mù tí ìgbòkun ń gùn. Òyìnbó tó mú un wá sí Èkó fi í sílẹ̀ nígbà tó ń padà sílé, ọkọ̀ náà sì ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn títí tó fi kàn mí. Kíìlì méjì, ìyẹn ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ tó yọ jáde lábẹ́ ìdí ọkọ̀, ló ní nísàlẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, èyí tó jẹ́ kó lè dúró fúnra rẹ̀ lórí iyanrìn láìṣubú. Nítorí kíìlì méjì yìí ni mo ṣe rà á, torí kò sí ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde nínú omi ní gbogbo agbègbè Ìjẹ̀bú tí mo mọ̀.

Kí ọ̀nà mọ́tò tó gba òwò, Ẹ̀jìnrìn jẹ́ ojú ọ̀nà Ìjẹ̀bú sí Èkó. Ọjà ńlá wà níbẹ̀, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ń kó oúnjẹ lọ, ó ń kó iyọ̀ àti aṣọ bọ̀, bí afẹ́fẹ́ bá sì ṣe é, wọ́n a ta ìgbòkun. Lórí ìwé, ìpínlẹ̀ Èkó ló wà lónìí, ṣùgbọ́n Ìjẹ̀bú ni. Inú mi dùn pé ibẹ̀ ni ìgbòkun tún ti ń gòkè.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ṣe òkè ọkọ̀ náà, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ìdí ọkọ̀ jẹ́ fáíbà gidi, tó nípọn. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ fáíbà láyé ìgbà yẹn kò tíì fọkàn tán an tán, wọ́n sì máa ń lẹ̀ ẹ́ nípọn dáadáa. Ṣùgbọ́n òkè tí a ń tẹ̀, tí à ń pè ní dẹ́kì, bí wọ́n bá ṣe ìyẹn náà nípọn bẹ́ẹ̀, òkè ọkọ̀ á wúwo ju ìdí lọ, yóò sì máa fì. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n fi igi balsa, igi tó fúyẹ́ púpọ̀, sí àárín, wọ́n wá fi fáíbà tẹ́ẹ́rẹ́ bò ó lókè àti nísàlẹ̀, bíi búrẹ́dì tí a fi àkàrà sí láàárín. Ó le, ó fúyẹ́, kò sì sí ohun tó lè ṣe é títí di ọjọ́ tí omi bá dé ibi àkàrà yẹn.

Báwo ni omi ṣe ń débẹ̀? Dẹ́kì ọkọ̀ onígbòkun kún fún ihò. Irin tí à ń so okùn mọ́ ní bóòtì tirẹ̀, irin tí à ń dì mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní tirẹ̀, ìdí òpó ní tirẹ̀, fèrèsé náà ní tirẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ṣì tuntun, wọ́n fi gọ́ọ̀mù dí abẹ́ gbogbo wọn. Gọ́ọ̀mù yẹn a máa gbẹ, a máa sán, pàápàá lábẹ́ oòrùn tiwa níbí. Ọkọ̀ tó ti lo ogójì ọdún tí ẹnikẹ́ni kò tú irin orí rẹ̀ rí, kí ẹ gbà pé kò sí ọ̀kan nínú gọ́ọ̀mù wọ̀nyẹn tó ṣì dì mú. Òjò Ìjẹ̀bú kì í sì í ṣe òjò yẹpẹrẹ: láti oṣù Ẹrẹ́nà ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ó ń le sí i títí dé Òkúdù àti Agẹmọ, a sinmi díẹ̀ nínú Ògún, a tún padà wá parí iṣẹ́ rẹ̀ ní Ọ̀wàrà. Ẹ̀kán omi tó bá gba ẹ̀gbẹ́ bóòtì wọlé kò ní ọ̀nà àtijáde mọ́. Igi balsa á fà á mu, á rọ̀, á jẹrà. Fáíbà tó wà lókè kò ní yí padà lójú rárá. Ènìyàn á kun ọkọ̀ náà lọ́dà funfun, á máa dán yanran, inú dẹ́kì á sì ti di ẹrẹ̀.

Bàbá kan wà létí èbúté tó ń kan ọkọ̀ ọlọ́pákó. Igi ìrókò ló fẹ́ràn jù, òwú àti ọ̀dà ló sì fi ń dí ojú ibi tí pákó ti pàdé pákó. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ mi dé, mo lọ kí i.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ẹ dákun, ẹ bá mi fojú wo ọkọ̀ yìí."

Ó gòkè, kò wo ìdí ọkọ̀ rárá. Ó yí ẹ̀yìn irin iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ padà, ó ń fi kan dẹ́kì láti iwájú lọ sẹ́yìn. Ibi tó dára ń dún ko, ko, ko. Nígbà tó dé ìdí òpó, ìró náà yí padà, ó ń dún bù, bù. Ó kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i kó lè dá a lójú.

"Ọmọ mi, ó ti rà nínú. Ọkọ̀ tiwa, a kì í fún omi ní ibi tó máa sá pamọ́ sí. Òjò rọ̀ lóru, ilẹ̀ mọ́, a gbọ́n ọn dànù, ó tán. Tìẹ yìí, wọ́n ti kọ́lé fún omi níbẹ̀."

Mi ò tíì gbọ́ àlàyé tó yéni ju ìyẹn lọ látẹnu ẹnikẹ́ni. Ọkọ̀ tí kò lórùlé, gbogbo omi inú rẹ̀ ló hàn. Ọkọ̀ tó ní yàrá, tó ní dẹ́kì, tó ní àjà, ó ń bo omi rẹ̀ mọ́ra. Iṣẹ́ ẹni tó ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni láti máa wá omi náà kiri kó tó pẹ́ jù.

Mo fi ṣọ́ọ̀kì yí gbogbo ibi tó ń dún bù ká. Ìdí òpó ló burú jù, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ọ̀tún tẹ̀ lé e. A fi gíráíńdà gé fáíbà òkè, a ṣí i bí ìdérí, a sì tọ́jú rẹ̀, torí òun náà la ó dá padà. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ dúdú, ó ń rùn, ó ṣeé fi ṣíbí kó. A ha gbogbo rẹ̀ dànù títí a fi kan ibi tí igi ti gbẹ tó sì funfun, a wá fi í sílẹ̀ lábẹ́ ìbòrí kí ọyẹ́ fẹ́ sí i.

Ohun tí a ó fi dípò igi balsa fa àríyànjiyàn. Ẹni tó ń ta pákó ní Ìjẹ̀bú-Òde sọ pé arère ni kí n lò, torí ó fúyẹ́. Òótọ́ ni, ó fúyẹ́, ṣùgbọ́n arère kì í pẹ́ jẹrà bí ọ̀rinrin bá mú un, kòkòrò sì fẹ́ràn rẹ̀. Plywood tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù tí omi kì í tú lẹ̀ ni mo wá. Ọ̀pọ̀ ló wà lọ́jà tí wọ́n kọ "marine" sí lára, tí kò sì rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí mo fi ń dán an wò rọrùn: kí ẹ gé èyí tó kéré, kí ẹ sè é nínú omi híhó fún wákàtí mélòó kan, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ tún un sè. Èyí tí ìpele rẹ̀ bá ṣí síra, kí ẹ má rà á, bó ti wù kó dán tó.

Epoxy, gọ́ọ̀mù olómi méjì tí a ń pò pọ̀ kó lè gan, ni a fi lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Èyí náà ní àṣà tirẹ̀ lábẹ́ oòrùn wa. Bí ènìyàn bá pò ó púpọ̀ sínú ife kan ní ọ̀sán gangan, á gbóná, á rú èéfín, á sì gan sọ́wọ́ kó tó dé ara igi. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni kí ẹ máa pò, kí ẹ sì tẹ́ ẹ sínú àwo pẹlẹbẹ kí ooru lè jáde. Ìrọ̀lẹ́ ló sì dára jù fún igi tuntun, kì í ṣe òwúrọ̀. Lówùúrọ̀, igi ń gbóná bọ̀, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń wú, ó ń jáde, ó sì ń fi ihò kéékèèké sínú epoxy tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi pa á. Nírọ̀lẹ́ tí igi bá ń tutù, ó ń fa epoxy mọ́ra ni.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí ni ihò bóòtì. Kí ẹ lu ihò náà tóbi ju bóòtì lọ dáadáa. Kí ẹ fi epoxy tó ti ki kún un bámúbámú. Bó bá gan, kí ẹ wá lu ihò bóòtì gangan sí àárín rẹ̀. Lọ́jọ́ iwájú, gọ́ọ̀mù á tún sán, torí gbogbo gọ́ọ̀mù ló ń sán. Ṣùgbọ́n omi tó bá wọlé á kan epoxy, kò ní rí igi kàn. Bí wọ́n bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí gbogbo ihò orí dẹ́kì yẹn nígbà tí ọkọ̀ náà ṣì wà ní tuntun, èmi ì bá má ní ohun púpọ̀ láti kọ níbí.

Ìgbà wo la ń gbé ọkọ̀ jáde? Níbi tí òkun wà nítòsí, ìkún àti ìfà omi ojoojúmọ́ ló ń bá ọlọ́kọ̀ ṣe é. Ọ̀rọ̀ tiwa yàtọ̀. Ẹnu òkun tó wà ní Èkó nìkan ló ṣí sílẹ̀ tọdúntọdún, agbára rẹ̀ kò sì tó nǹkan mọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Omi odò ló ń darí ọ̀sà níbí. Ọ̀ṣun tí wọ́n ń bọ ní Òṣogbo, ọ̀sà Lẹkki ló ń wọ́ omi rẹ̀ wá dà sí. Omi á kún lẹ́yìn òjò, á fà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nítorí náà, ìparí òjò, nígbà tí omi kún dé etí ọgbà, ni à ń ti ọkọ̀ gòkè bó bá ti lè gòkè tó. Omi á fà kúrò lábẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀, kíìlì méjèèjì á jókòó sórí iyanrìn, ọyẹ́ á sì bá a níbẹ̀. Kò sí ìgbà tó dára tó ìgbà ọyẹ́ fún ọkọ̀ fáíbà. Ohun gbogbo ló ń gbẹ.

Omi dídùn ni tiwa ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù, èyí sì ní oore rẹ̀ àti aburú rẹ̀. Oore rẹ̀ ni pé àwọn ìkarahun wẹ́wẹ́ tó ń lẹ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀ l'Ékòó kò pọ̀ lọ́dọ̀ wa, bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò omi iyọ̀ tó ń jẹ pákó ọkọ̀. Aburú rẹ̀ ni pé omi dídùn tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ń yára wọ inú fáíbà ju omi iyọ̀ tútù lọ. Ara ọkọ̀ á lé ròrò. Bí ẹ bá gún ìléròrò náà, omi kíkan kan á tú jáde. Àwọn kan á ní kí ẹ ha gbogbo ìdí ọkọ̀ kúrò. Èrò tèmi ni pé bí ìléròrò náà bá kéré, kí ẹ ṣí i, kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ ní gbogbo ìgbà ọyẹ́, kí ẹ fi epoxy dí i, kí ẹ sì ná owó tó kù sórí dẹ́kì. Ó ṣọ̀wọ́n kí ìléròrò tó rì ọkọ̀. Síńkì tí wọ́n ń so mọ́ irin abẹ́ ọkọ̀ kí irin má baà jẹ náà kì í ṣiṣẹ́ dáadáa nínú omi dídùn. Magnẹ́síọ̀mù ló yẹ ibẹ̀.

Òjò tún ní ibòmíràn tó ń sá pamọ́ sí, ibẹ̀ ló sì ń já mi láyà jù. Òpó ọkọ̀ kò dá dúró fúnra rẹ̀. Wáyà irin ló dì í mú lọ́tùn-ún lósì, wáyà wọ̀nyẹn sì so mọ́ irin pẹlẹbẹ tó gba inú dẹ́kì kọjá. Sitéènlẹ́ẹ̀sì ni wọ́n fi ṣe é, gbogbo ènìyàn sì gbà pé sitéènlẹ́ẹ̀sì kì í dógùn-ún. Afẹ́fẹ́ ló ń dáàbò bò ó. Níbi tí omi bá dúró sí tí afẹ́fẹ́ kò dé, bíi àárín dẹ́kì gẹ́lẹ́, ó ń jẹ, ó ń sán, lókè àti nísàlẹ̀ á sì máa dán bíi tuntun. Ọjọ́ tí irin yẹn bá já, òpó á wó lulẹ̀. Mo tú gbogbo wọn. Ọ̀kan ní ìsán tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó lọ látinú ihò bóòtì dé etí rẹ̀; a kò ní rí i láéláé bí a kò bá yọ ọ́.

Wẹ́dà tó bá mi ṣe tuntun ní Ìjẹ̀bú-Òde mọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ní sùúrù. Oríṣi sitéènlẹ́ẹ̀sì tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 316 ni irin tó yẹ ká lò, kì í ṣe 304. Ó mú mágínẹ́ẹ̀tì jáde láti fi yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, méjèèjì ni mágínẹ́ẹ̀tì kì í fà, kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ fún wa." Àwa méjèèjì jọ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta irin, a ní kó fi àmì tó wà lára rẹ̀ hàn wá. Bóòtì tí mo ti kọ́kọ́ rà ní ṣọ́ọ̀bù kan, tí wọ́n pè ní sitéènlẹ́ẹ̀sì fún mi, ti dógùn-ún kí òjò ọdún náà tó parí. Wáyà gan-an, àkísà ni mo fi ń yẹ̀ ẹ́ wò: kí ẹ fi àkísà fà á láti òkè dé ilẹ̀, ibi tí ọ̀kan bá ti já nínú àwọn tínrín tí wọ́n fi lọ́ ọ, yóò há àkísà náà. Wáyà tó bá ti pé ọdún mẹ́wàá, kí ẹ pàrọ̀ rẹ̀, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ máa dúró kó há àkísà.

Ti ẹ́ńjìnnì kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Mẹkáníìkì Yamaha kún etí ọ̀sà wa, kò sì sí ohun tó ń dà wọ́n láàmú nínú rẹ̀ ju omi inú epo lọ. Kí ẹ sẹ́ epo kí ẹ tó dà á.

Ìgbòkun ní tirẹ̀, oòrùn ni ọ̀tá rẹ̀. Òwú tí wọ́n fi rán an ló ń kọ́kọ́ kú, aṣọ rẹ̀ á ṣì lágbára. Ìyá kan tó ń rán tapólì ní Ìjẹ̀bú-Òde ló ń bá mi tún un rán, pẹ̀lú òwú pólíẹ́sítà tó nípọn. Òwú aṣọ lásán kò lè rí ẹ̀ẹ̀rùn kejì. Nígbà tó kọ́kọ́ rí bí wọ́n ṣe gé ìgbòkun náà, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó wò ó pẹ́, ó ní, "Kò tẹ́jú o. Wọ́n rán ikùn sí i." Òótọ́ ló sọ. Ikùn yẹn ló ń mú kí afẹ́fẹ́ fa ọkọ̀ lọ.

Ibi tí a ń so ọkọ̀ mọ́ nígbà òjò wà lára ìtọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú. Ní gbogbo ọjọ́, ìwọ̀-oòrùn gúúsù ni afẹ́fẹ́ ń ti fẹ́, ènìyàn á sì máa wá ibi tí èyí kò ti ní dé e. Ṣùgbọ́n ìjì tó máa ń jà ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí òjò, ìlà-oòrùn ló ń ti bọ̀, òjijì ló sì ń dé. Ìdákọ̀ró tó bá dì mú fún ti àkọ́kọ́ nìkan, yóò tú nígbà tí èkejì bá dé. Tí omi bá tún kún, ewéko tí òyìnbó ń pè ní water hyacinth á wọ́ dé ní agbo ńlá. Láyé àwọn bàbá wa, òjúoró ló ń lékè omi, òṣíbàtà ló ń lékè odò. Ọdún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ rí àlejò yìí nínú omi Àgbádárìgì, ó sì ti tàn ká ọ̀sà báyìí. Agbo rẹ̀ kan lè tẹ okùn ìdákọ̀ró títí yóò fi wọ́ ọkọ̀ lọ. Mo ń sanwó fún ọ̀dọ́mọkùnrin apẹja kan pé kó máa tì í kúrò.

Nínú gbogbo ohun tí mo ti ná owó lé lórí, kò sí èyí tó sanwó rẹ̀ padà tó tapólì kan tí mo ta sórí ọ̀pá ọparun láti iwájú ọkọ̀ dé ẹ̀yìn. Oòrùn kò kan dẹ́kì, òjò kò kàn án, fèrèsé yàrá sì lè wà ní ṣíṣí kí afẹ́fẹ́ wọlé kí ebu má baà hù. Àwọn tó ń kọjá ń rò pé ilé ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rò bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá ń gbèrò láti ra irú ọkọ̀ yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ má lọ wò ó lọ́jọ́ tí oòrùn ń ràn. Ẹ dúró de oṣù Òkúdù, kí ẹ lọ nígbà tí òjò bá ń rọ̀ lọ́wọ́, kí ẹ sì sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó má gbọ́n omi inú rẹ̀ kí ẹ tó dé. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ àti ohun tí ẹ lè fi kan dẹ́kì. Ẹ wọ inú yàrá, ẹ jókòó, ẹ wo àjà, ẹ fọwọ́ pa abẹ́ fèrèsé, ẹ ṣí àpótí tó wà lábẹ́ ibùsùn, ẹ fọwọ́ kan irin tó di wáyà òpó mú níbi tó ti wọ inú ọkọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná an.